Káàdì ọsibítù wa ò mọra wọn

1.
Ẹ lọ bi màmá yín, tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan tó ti lé lógójì ọdún, pé: "Ẹ rántí chloroquine?" Kí wọ́n tó dáhùn, ọwọ́ wọn á ti dé apá, wọ́n á ti máa họra.

Thread lèyí o. Ó gùn. Ẹ wá ibì kan jókòó sí.

2.
Chloroquine ni gbogbo ilé fi ń wo ibà nígbà náà. Ó ń wo ibà lóòótọ́, àmọ́ ara á máa yún èèyàn tọ̀sán-tòru: àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, àárín orí. Àwọn kan á kúkú ní kí ibà náà máa bá àwọn gbé. Nígbà tí ìjọba fi í sílẹ̀ lọ́dún 2005 tí wọ́n mú ACT wá, kòkòrò ibà tí ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ ló fà á. Ara yíyún yẹn ò le lójú ẹnikẹ́ni.

3.
Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyí: kò sẹ́ni tó nílò kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀ pé chloroquine ló ń fa ara yíyún. O lò ó láàárọ̀, o ń họra lálẹ́. Aládùúgbò rẹ lò ó, òun náà ń họra. Àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ níbí tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1989, àmọ́ àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ síwèé.

4.
Ìpalára wo wá ni oògùn lè ṣe tí ojú ò ní rí? Èyí tó bá jọ àìsàn tí àwọn èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Oògùn ìrora tó ń dá ọkàn bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún dúró: ta ló máa fura sí i? Wọ́n á ní ọjọ́ ló pé. Oògùn tó ń ba kíndìnrín ọmọ ọwọ́ jẹ́: wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní eyín ni, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni.

5.
Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Irú ìpalára tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀, àfi tí àkọsílẹ̀ ìlera wa bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ la tó lè tètè rí i. Tiwa ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọsibítù kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ẹni tó bára ẹ̀ jà. Èèyàn sì ń kú sáàárín.

6.
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí My Pikin. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Omi oògùn eyín híhù ni. Paracetamol wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Barewa Pharmaceuticals l'Ékòó ló ń ṣe é. Lọ́dún 2008, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol bá ohun èlò tí wọ́n fi pò ó wọlé. Ó ń dùn lẹ́nu, kò ní òórùn, ó sì ń pa kíndìnrín.

7.
Ọmọ tó bá mu ún, ara rẹ̀ á máa gbóná, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn náà, ìtọ̀ ò ní wá mọ́.

Ẹ tún àwọn àmì yẹn kà. Ara gbígbóná, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Lọ́dọ̀ wa, eyín híhù là ń di gbogbo ìyẹn rù! Torí náà, ìyá tó rí i pé ara ọmọ ń gbóná á tún bu ṣíbí kan sí i nínú oògùn kan náà. Ìfẹ́ ló fi ń fún un.

8.
Ọmọ kan dé ọsibítù ní Zaria. Òmíràn dé ọsibítù n'Íbàdàn. Òmíràn, l'Ékòó. Dókítà kọ̀ọ̀kan ń wo tiẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì tiẹ̀. Fáìlì Zaria ò mọ ti Ìbàdàn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2008 lọ̀rọ̀ tó bú síta, tí NAFDAC ti ilé iṣẹ́ náà pa, tí wọ́n ní kí wọ́n kó oògùn náà kúrò nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa kà á tán lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ 84 ló ti lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

9.
Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì ní kí wọ́n tú ilé iṣẹ́ náà ká. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n kì í jí òkú dìde.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé: nínú ọmọ 84 yẹn, orí ọmọ kélòó ló yẹ ká ti mọ̀?

10.
Ohun tó tún ń dùn mí ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún 1990, májèlé kan náà wọ omi paracetamol àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Ìbàdàn jẹ nínú rẹ̀, Jos náà jẹ nínú rẹ̀. Ní Jos nìkan, ọmọ 47 ló kú. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, a tún padà síbẹ̀.

Nígbà tó di 2022, ó kan Gambia. Omi oògùn ikọ́ láti India. Nǹkan bí ọmọ 70.

11.
Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń rí i: dókítà kan tó lójú àánú àti ojú inú á dìde lọ́jọ́ kan, á ní, "Rárá o, àwọn ọmọ tí ò lè tọ̀ yìí ti pọ̀ jù." Kí Ọlọ́run máa bá wa dá wọn sí.

Ṣùgbọ́n ṣé orí ẹni tó ń fura nìkan la máa gbé ẹ̀mí ọmọ lé? Tó bá jẹ́ pé dókítà yẹn wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ náà ńkọ́? Tó bá ti japa ńkọ́?

12.
Kí wá ni mo ń pè ní àkọsílẹ̀ tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Oògùn tí wọ́n kọ fún ọ wà níbì kan. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ wà níbòmíì. Ìgbà tí wọ́n dá ọ dúró ní wọ́ọ̀dù wà níbòmíì. Bí wọ́n ṣe bí ọmọ, bí èèyàn ṣe kú, ìyẹn tún wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bí nọ́ńbà kan bá so gbogbo wọn pọ̀, ó ṣeé ṣe láti béèrè pé: "Nínú gbogbo ẹni tó lo oògùn yìí, mélòó ni kíndìnrín wọn bàjẹ́ láàárín oṣù kan? Àwọn tí ò lò ó ńkọ́?"

Denmark ti fún gbogbo ará ìlú wọn ní irú nọ́ńbà yẹn láti ọdún 1968.

13.
Apá kejì ìbéèrè yẹn ni kókó: "Àwọn tí ò lò ó ńkọ́?"

Ká ní èèyàn mẹ́wàá lórí kámpọ́ọ̀sì ní inú ń run àwọn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà ìyá kan. Ṣé ẹ̀wà ni? Ẹ ò tíì mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹni méjìlá péré ló jẹ ẹ̀wà náà, ẹ sá fún un. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ló jẹ ẹ́, tí inú sì ń run àwọn tí ò jẹ ẹ́ bákan náà, ẹ fi ìyá oníyàá sílẹ̀, ẹ lọ yẹ omi tí gbogbo yín ń mu wò.

Ẹni mẹ́wàá, ẹni mẹ́wàá náà ni. Iye tó wà nísàlẹ̀ ló yí ìdájọ́ padà.

14.
Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Vioxx, oògùn ìrora oríkèé tí Merck gbé jáde lọ́dún 1999. Àwọn àgbà tí oríkèé ń dùn ló ń lò ó, àwọn àgbà yìí kan náà sì ni àìsàn ọkàn sábà ń mú. Torí náà, bí ẹnì kan bá lò ó tí ọkàn rẹ̀ dá dúró, kò jọ ẹnikẹ́ni lójú.

David Graham, tó ń ṣiṣẹ́ ní FDA l'Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sínú àkọsílẹ̀ Kaiser Permanente ní California. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 èèyàn, tí oògùn wọn, ọsibítù wọn àti ikú wọn wà lórí okùn kan. Wọ́n fi àwọn tó lo Vioxx wé àwọn tó lo oògùn ìrora mìíràn. Ewu ọkàn ga lára àwọn tó lo Vioxx, pàápàá àwọn tó ń lo èyí tó lágbára jù. Ìwádìí tí Merck fúnra wọn ń ṣe tún sọ nǹkan tó jọ ọ́, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004.

15.
Mo ti ń gbọ́ yín: "Sis, Amẹ́ríkà nìyẹn. Iná tiwa ò tíì dé."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Botswana.

Láti ọdún 2014, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tsepamo. Ní àwọn ọsibítù ìjọba tó tóbi, agbẹ̀bí á yẹ ọmọ tuntun wò látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á sì so ó pọ̀ mọ́ oògùn tó wà nínú káàdì oyún ìyá rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ abàmì kankan níbẹ̀.

16.
Lọ́dún 2018, Tsepamo figbe ta. Nínú obìnrin 426 tó ń lo dolutegravir, oògùn HIV, nígbà tí wọ́n lóyún, ọmọ mẹ́rin ló ní àbùkù ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Láàárín àwọn ìyá yòókù, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ìdágìrì bá gbogbo ayé. Níbi púpọ̀, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin jìnnà sí oògùn náà.

17.
Àwọn agbẹ̀bí Botswana ò dá kíkọ dúró. Nígbà tó di 2019, ọmọ márùn-ún nínú 1,683 ni. WHO tún fọwọ́ sí oògùn náà fún àwọn obìnrin lọ́dún yẹn. Nígbà tó fi máa di 2022, iye ìyá ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, iye ọmọ tó ní àbùkù sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún, bíi ti gbogbo èèyàn.

Ìwé tó fẹ̀sùn kan oògùn náà ló tún dá a láre. Lónìí, oògùn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní HIV ń lò ní Nàìjíríà níbí.

18.
Nítorí náà, àìsí àkọsílẹ̀ tó so pọ̀ ń pa wá lápá méjì. Oògùn burúkú á pẹ́ lọ́jà. Oògùn rere náà á kú sọ́wọ́ àròsọ. Ẹ rántí 2003, nígbà tí Kano àtàwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró torí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ará ìlú, "Ẹ gbà wá gbọ́" ò tó. Ẹ fi iye hàn wọ́n.

19.
Ẹ má sì sọ pé ká dúró de dátà tàwọn òyìnbó. Nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kọ́ ló wà nínú tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni G6PD ò tó lára wọn, nǹkan kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. LapDap, oògùn ibà tó jẹ́ pé torí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ṣe ṣe é, GSK kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 2008 torí pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Denmark kọ́ ló máa bá wa rí ìyẹn.

20.
Wàyí o, Ifẹ̀. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wá ká mi lára jù.

Ẹ̀yin Great Ife, ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọdún 1989 ni Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà OAU, OAUTHC àti Yunifásítì Kuopio ní Finland ti jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn? Àwọn bíi Mikko Korpela láti Finland àti Abimbola Soriyan ní Ifẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ náà. Òun ló padà di MINPHIS. "Made in Nigeria" ni M, I àti N yẹn dúró fún.

Kí wọ́n tó dá Google sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ti ń kọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde àti àìsàn tó gbé e wá, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí.

21.
Ẹ tún jẹ́ ká padà sẹ́yìn sí i. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, David Morley, dókítà ọmọdé ní Wesley Guild Hospital Iléṣà, tó ti di ara OAUTHC báyìí, ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i, abẹ́rẹ́ tó gbà, àìsàn tó ṣe é. Ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà nílé. Ó tàn ká ayé. Ìwé ọmọ tí màmá yín ká sínú ọ̀rá tí wọ́n fi sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti hù.

22.
Ọmọ kan, káàdì kan, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i wà nínú rẹ̀, káàdì náà sì ń bá a lọ síbikíbi. Ọ̀ṣun ló kọ́ ayé. MINPHIS, Ifẹ̀ ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n lónìí, tí ẹ bá kúrò ní ọsibítù kan ní Ẹlẹ́yẹlé tí ẹ dé òmíràn ní Lágere, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Ẹ ti gba káàdì?" Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín látorí ọjọ́ ìbí. Kódà ní ọsibítù kan náà, ẹ lè gbọ́ pé: "A ò rí fáìlì yín, ẹ gba tuntun."

23.
Màámi rí ti wọn. Ọsibítù kan fún wọn ní amlodipine torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń wú. Wọ́n lọ síbòmíì tó sún mọ́ ilé. Káàdì tuntun. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, màámi náà ò rántí orúkọ rẹ̀, "èyí funfun kékeré yẹn" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bá fún wọn ní oògùn tó ń múni tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dìde lóru nìyẹn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀.

Apòògùn kan ló ní kí wọ́n da gbogbo oògùn inú báàgì wọn sórí káńtà. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: "Mà, amlodipine yìí máa ń mú kí ẹsẹ̀ wú nígbà míì o. Ẹ padà lọ sọ fún dókítà tó kọ ọ́."

Oògùn kejì ni wọ́n fi ń wo ohun tí oògùn kìíní fà. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló wà nínú ẹ̀ báyìí?

24.
Mi ò ní purọ́ mọ́ NAFDAC, wọ́n ń gbìyànjú. Láti ọdún 2004 ni Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fi irú ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí WHO. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ yẹ́lò wà ní àwọn ọsibítù. Med Safety wà lórí fóònù láti ọdún 2020, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù ní àbùkù méjì. Àkọ́kọ́, o gbọ́dọ̀ ti fura kí o tó kọ ọ́. Ìyá tó gbà pé eyín ló ń ṣe ọmọ òun ò ní kọ nǹkan kan. Ìkejì, fọ́ọ̀mù ń sọ iye ẹni tó ké, kò lè sọ iye ẹni tó lo oògùn náà. Ẹni mẹ́wàá tó jẹ ẹ̀wà nìyẹn. Nínú mélòó?

25.
Ẹ jẹ́ ká gbé àtakò yẹ̀ wò, torí wọ́n lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Àṣírí ńkọ́?" Ẹ̀rù yìí bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra nìyí. Akọ̀wé tó ń gbé fáìlì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àǹtí rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àyẹ̀wò HIV, oyún tó bàjẹ́, oògùn ọpọlọ: bí èyí bá jáde, ó lè ba ìgbéyàwó jẹ́, ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

26.
Àmọ́ síso pọ̀ ò túmọ̀ sí pé ká kó fáìlì gbogbo ìlú sínú yàrá kan kí ẹnikẹ́ni máa yẹ̀ ẹ́ wò. Sentinel tí FDA ń lò l'Amẹ́ríkà, ìbéèrè ló ń rìnrìn àjò níbẹ̀. Fáìlì ò kúrò nílé. FDA á béèrè, ibi kọ̀ọ̀kan á ṣírò tiẹ̀ nílé, á fi iye ránṣẹ́: "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin." Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Òfin náà wà nílé wa. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo dátà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ààbò pàtàkì. Ìjìyà fún ẹni tó bá tú àṣírí ló yẹ kí a máa rí.

Ẹ sì jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: fáìlì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà láìsí pé a mọ̀, ṣé ìyẹn ni àṣírí?

27.
"Kẹ́míìsì ni gbogbo wa ti ń ra oògùn, kò sí ìwé kankan níbẹ̀." Òótọ́ ni. Kò sí dókítà tó ń kọ paracetamol fún èèyàn kó tó rà á ní Sábó. Oògùn eyín ọmọ náà, kẹ́míìsì la ti ń rà á. Àkọsílẹ̀ ọsibítù tó so pọ̀ ì bá má mọ̀ pé wọ́n ra My Pikin.

Ṣùgbọ́n ì bá ti rí ìdajì yòókù: pé ọmọ tí ò lè tọ̀ ń pọ̀ sí i ní Zaria, n'Íbàdàn àti l'Ékòó lásìkò kan náà. Ìyẹn nìkan tó kí ẹnì kan gbé fóònù, kó ní: "Kí ni àwọn ọmọ yìí jọ mu?" Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

28.
"Àgbo ńkọ́?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò bínú sí àgbo. Mò ń bínú sí bí a ṣe ń fi í pamọ́ fún dókítà torí pé wọ́n máa pariwo mọ́ wa. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má pariwo mọ́ wọn mọ́. Ẹ béèrè jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ ọ́. Ohun tí wọn ò bá sọ fún yín, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa rí i.

29.
Kí ni mo ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ifẹ̀?

Ọsibítù púpọ̀ ti ń ra ètò kọ̀ǹpútà báyìí. Ó dáa. Ìbéèrè mi fún gbogbo alága àti ọ̀gá tó ń fọwọ́ síwèé ni pé: èyí tí ẹ rà yìí, ṣé ó lè bá ti ọsibítù kejì sọ̀rọ̀? Ṣé ó ní àyè fún orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà batch? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, a kàn sọ fáìlì di kọ̀ǹpútà ni. Àìmọra náà ṣì wà níbẹ̀.

30.
Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. OAUTHC ní Ifẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà, ìlera alábọ́ọ́dé ní Ẹlẹ́yẹlé, Ẹnuwá àti Ìmẹ̀sí-Ilé: ilé kan náà ni gbogbo wọn. Kí aláìsàn ní nọ́ńbà kan láàárín wọn. Kí àwọn kẹ́míìsì tó gba ìwé àṣẹ wọlé tẹ̀ lé e. Kí àwọn ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àti ti ìmọ̀ oògùn ní OAU máa béèrè ìbéèrè lóṣooṣù láìrí orúkọ ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a sì ní ọwọ́ náà níbí.

31.
Kí ìyẹn tó dé, ohun tí èmi àti ẹ̀yin lè ṣe lálẹ́ òní nìyí:

Ẹ ya fọ́tò gbogbo páálí oògùn tó wà nínú ilé, apá ibi tí nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà batch àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà. Ti màmá, ti bàbá, ti ọmọ àbúrò. Ẹ fi pamọ́ sínú fóònù, kí ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó síbẹ̀.

Tí ẹ bá lọ sí ọsibítù, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó kọ òmíràn.

Tí ara bá yí padà lẹ́yìn oògùn tuntun, ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró. Ẹ padà lọ bá dókítà tàbí apòògùn, kí ẹ sì fi ròyìn lórí Med Safety. Tí ọmọ bá lo oògùn tí kò sì tọ̀ mọ́, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò náà dání.

32.
Ìgò yẹn ṣe pàtàkì. Ìyá tó mú ìgò dání ti so àkọsílẹ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀: ohun tí ọmọ mu àti ohun tó ṣe é. Ìyẹn ni mò ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣe fún gbogbo wa.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní ọmọ ọwọ́, àti ẹnì kan tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ẹ wá bá mi jiyàn nísàlẹ̀. Mo wà níbí.